Irọ́ Tó Ń Padà Wálé

Ní alẹ́ ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún ọdún 1941, àwọn ará Jámánì tí wọ́n ń yí rédíò wọn kiri bá ohùn kan pàdé tí wọn kò gbọ́ rí. Ohùn ọ̀gágun àtijọ́ ni, ohùn ẹni tí àṣẹ pípa ti mọ́ lẹ́nu. Ó ní Der Chef, ìyẹn Ọ̀gá, ni kí wọ́n máa pe òun. Ó bú Churchill, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó bú baba tó bí i. Lẹ́yìn náà ló wá kọjú sí àwọn ìjòyè ẹgbẹ́ Násì tó ń ṣèjọba Jámánì. Ó ní jẹgúdújẹrá ni wọ́n, pé ọ̀bùn ìwà ni wọ́n, pé ńṣe ni wọ́n ń jẹ ayé nígbà tí àwọn ọmọ ogun ń kú lójú ìjà. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò gbà pé ọmọ Jámánì gidi ni, tí ọ̀rọ̀ ìlú rẹ̀ ń dùn ún dé egungun.

Kò sí ọ̀gágun kankan níbẹ̀. Ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ohùn náà ti ń wá. Peter Seckelmann, akọ̀ròyìn ọmọ Jámánì tó sá fún Hitler, ló ń ṣe bí Ọ̀gá, ìjọba Churchill tó ń bú náà ló sì gbé iṣẹ́ fún un.

Ẹni tó hùmọ̀ ọgbọ́n yìí ni Sefton Delmer. Berlin ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1904, níbi tí bàbá rẹ̀, ọmọ Ọsirélíà, ti ń kọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì. Èdè Jámánì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tó dàgbà, ó di akọ̀ròyìn Daily Express, ó bá Hitler wọ ọkọ̀ òfuurufú kan náà nígbà ìpolongo ìbò ọdún 1932, ó sì bá a wọ ilé aṣòfin Reichstag ní alẹ́ tí iná ń jó o, ní oṣù Kejì ọdún 1933. Àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó mọ inú àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn tó o kò pọ̀. Ìdí nìyẹn tí àjọ aṣírí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ fún ogun àfọ̀rọ̀jà fi ké sí i.

Ṣáájú rẹ̀, ìwàásù ni wọ́n fi ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Wọ́n á sọ fún ọ̀tá pé aṣebi ni olórí rẹ̀, pé kò lè borí ogun, pé kó tètè ronú pìwà dà. Delmer ní òfo ni. Ta ló ń gba ìwàásù lẹ́nu ọ̀tá? Ohun tí òun yóò ṣe ni pé òun yóò jókòó ti olùgbọ́, òun yóò bá a bú ẹni tó ń bú nínú ọkàn rẹ̀, òun yóò sì fún un ní àwíjàre fún ohun tó ti ń wù ú ṣe tẹ́lẹ̀. Ogun ti sú ọmọ ogun. Ó fẹ́ rí ìyàwó rẹ̀. Kò fẹ́ kú. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún un pé kó dalẹ̀. Kí wọ́n ṣáà ti jẹ́ kó gbọ́ pé àwọn ọmọ olóyè wà ní ọ́fíìsì níbi tí ìbọn kò dé, yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ìyókù.

Goebbels, mínísítà tí Hitler fi sídìí ìpolongo, ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún un láìmọ̀. Láti ọdún 1933 ni ìjọba Násì ti ń ta rédíò olówó pọ́ọ́kú fún àwọn ará ìlú, máàkì 76 péré, kí ohùn Hitler lè wọ gbogbo ilé. Ọjọ́ tí ogun bẹ̀rẹ̀ gan-an, ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1939, ni wọ́n ṣòfin pé ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ rédíò ilẹ̀ òkèèrè yóò ṣẹ̀wọ̀n, àwọn mìíràn tilẹ̀ kú sí i. Delmer wá rọ́nà gbà sá fún òfin náà: bí ilé iṣẹ́ rédíò òun bá ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ Jámánì, ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ ìdí rẹ̀ lè ní òun rò pé rédíò ìlú òun ni.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1943, ó dá ilé iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ fún àwọn atukọ̀ ogun abẹ́ omi Jámánì. Nígbà tó yá lọ́dún kan náà, Soldatensender Calais bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun tó wà ní Faransé. Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí ìpolongo ẹ̀tàn ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ó wo ohun tí wọ́n ń gbé sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Orin tó dùn ju èyí tí Goebbels gbà kí wọ́n kọ. Èsì ìdíje bọ́ọ̀lù. Ìkíni fún atukọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ bí ọmọ sílé, tòun torúkọ. Ìròyìn ìjọba Jámánì, tó péye, tó sì yá: ẹ̀rọ kan wà tí ilé iṣẹ́ ìròyìn Berlin fi sílẹ̀ ní London nígbà tí ogun dé, inú rẹ̀ ni Delmer ti ń ka ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ìwé ìròyìn Jámánì, ní wákàtí kan náà tí àwọn náà ń rí i. Ìyókù, ó ń rí i nínú lẹ́tà tí wọ́n gbà lọ́nà àti lẹ́nu àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun.

Òótọ́ ló pọ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀. Irọ́ wọ àárín rẹ̀ níwọ̀nba, bí ìgbà tí ènìyàn bá bu májèlé ṣíbí kan sínú ìkòkò ọbẹ̀ tó ta sánsán. Òfin Delmer ni pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn òṣìṣẹ́ òun kò gbọdọ̀ ṣèèṣì purọ́. Irọ́ tí wọ́n bá máa pa, kí wọ́n jókòó gbèrò rẹ̀, kí wọ́n mọ ibi tó ń lọ. Nígbà mìíràn, wọn kò tilẹ̀ nílò irọ́ rárá. Tí bọ́ǹbù bá jábọ́ sí ìlú kan ní Jámánì, wọ́n á ka orúkọ àdúgbò tó jóná níkọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì rán ọmọ ogun létí pé ẹni tí ilé rẹ̀ wó lẹ́tọ̀ọ́ láti gba àyè lọ wo ẹbí rẹ̀. Òótọ́ ni ti àdúgbò, òótọ́ ni ti ẹ̀tọ́. Ète tó bí i nìkan ni ọmọ ogun náà kò mọ̀, pé ọkàn rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ mú kúrò lójú ìjà.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé ohùn náà lọ kò kéré. Crowborough, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n gbé e sí, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rà á, agbára rẹ̀ sì tó kílówáàtì 600. Nígbà tí ogun ń parí lọ ní ọdún 1945, wọ́n lò ó láti gba ojú ọ̀nà rédíò Jámánì gan-an. Bí ilé iṣẹ́ Jámánì kan bá pa ẹ̀rọ rẹ̀ nítorí ọkọ̀ òfuurufú tó ń bọ̀ wá ju bọ́ǹbù, ti Crowborough á bọ́ sí ipò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, yóò sì máa pàṣẹ fún àwọn ará ìlú bí ẹni pé ìjọba wọn ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn aláṣẹ Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ lórí rédíò pé ọ̀tá ń sọ̀rọ̀ ní ohùn àwọn. Láti ìgbà náà, ìkìlọ̀ tòótọ́ àti èyí tó jẹ́ ayédèrú di ọ̀kan náà létí ẹni tó ń gbọ́.

Der Chef ní tirẹ̀ ti kú ṣáájú. Ní ọdún 1943, wọ́n ṣe é kí àwọn olùgbọ́ gbọ́ bí àwọn ọlọ́pàá Násì ṣe já wọlé bá a, tí ìbọn sì ró. Ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ kò gbọ́ èdè Jámánì. Ó tún ètò náà fi síta, Ọ̀gá sì kú lẹ́ẹ̀kejì.

Kò sí àríyànjiyàn nípa ẹni tí ẹ̀bi ogun yẹn wà lọ́rùn rẹ̀. Ìkà tí ìjọba Násì hù kò láfiwé, ẹni tó sì bá irú wọn jà nílò gbogbo ohun ìjà tó bá rí. Ṣùgbọ́n Delmer fúnra rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ti kọ ìwé kékeré kan tó ń kọ́ ọmọ ogun Jámánì bí yóò ṣe díbọ́n àìsàn tí dókítà kò ní já a, wọ́n fi èèpo ìwé mìíràn bò ó, wọ́n sì ń fọ́n ọn káàkiri. Àwọn ará Jámánì mú ìwé náà, wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fọ́n ọn padà sí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Ìyẹn kéré. Lọ́dọọdún ni rédíò rẹ̀ ń fi yé àwọn ará Jámánì pé ọ̀tọ̀ ni ẹgbẹ́ Násì, ọ̀tọ̀ ni àwọn ọ̀gágun, pé àwọn ọ̀gágun mọ́, ìwà ẹgbẹ́ náà sì ń rí wọn lára. Nígbà tí ogun parí, ìtàn yẹn gan-an ni àwọn ọ̀gágun tó ti bá Hitler ṣiṣẹ́ dì mú láti fi wẹ ara wọn mọ́. Delmer kọ èyí sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1962, ó sì pe ìwé náà ní Black Boomerang, nítorí pé ohun tó sọ síta ti yí padà wá bá a.

Àwọn tó ṣe irú iṣẹ́ náà ṣáájú Delmer ti gbin èyí tó burú ju tirẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1917, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ìwé ìròyìn The Times àti Daily Mail gbé e jáde pé ilé iṣẹ́ kan wà ní Jámánì tí wọ́n ti ń se òkú àwọn ọmọ ogun tiwọn láti fa ọ̀rá inú rẹ̀, kí wọ́n sì fi ìyókù ṣe oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ara àwọn ènìyàn bù máṣọ. Ìbínú gbòde. Irọ́ ni. Ní ọdún 1925, Austen Chamberlain, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, dìde nílé aṣòfin ní London, ó sì gbà níwájú gbogbo ayé pé ìtàn náà kò ní ìdí.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, òtítọ́ kò tilẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ni ó fi bá irọ́. Ibi tí ó bá a sí ni kò dára. Nígbà tí Ogun Kejì dé, tí ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti Pólándì pé àwọn Násì ń kó àwọn Júù sínú ilé afẹ́fẹ́ olóró tọkùnrin tobìnrin tọmọdé, ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí ọdún 1917. Wọ́n ní irú ẹ̀ náà ti tún dé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1943, Victor Cavendish-Bentinck, tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìròyìn àwọn amí wò fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìròyìn nípa ilé afẹ́fẹ́ olóró náà jọ ìtàn ọ̀rá òkú ti ogun ìṣáájú lójú òun. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ fún un. Nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́fà àwọn Júù ni wọ́n pa kí ogun náà tó parí. Irọ́ ọdún 1917 ti ná ìgbàgbọ́ tí àwọn wọ̀nyí nílò tán kí ọ̀pọ̀ nínú wọn tó dáyé.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ jẹ́ ká sún mọ́ òde òní díẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 1990, lẹ́yìn tí Ìráàkì gba Kuwait, ọmọbìnrin ọdún 15 kan jókòó níwájú àwọn aṣòfin ní Washington, ó sunkún, ó ní òun fojú ara òun rí àwọn ọmọ ogun Ìráàkì tí wọ́n ń yọ ọmọ jòjòló kúrò nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tọ́jú àwọn tí oṣù wọn kò pé, tí wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n kú. Nayirah ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ààrẹ Amẹ́ríkà tún ìtàn náà sọ léraléra, àwọn aṣòfin àgbà tọ́ka sí i, ìbò 52 sí 47 ni wọ́n sì fi fọwọ́ sí ogun ní oṣù Kìíní ọdún 1991. Ọdún 1992 ni aráyé tó mọ̀ pé ọmọ ikọ̀ Kuwait ní Amẹ́ríkà ni, àti pé ilé iṣẹ́ apolówó Hill and Knowlton, tí àwọn ará Kuwait háyà, ló lọ́wọ́ nínú bí ó ṣe dé iwájú àwọn aṣòfin. Àwọn tó lọ ṣèwádìí kò rí ẹ̀rí ohun tó sọ. Ìkà tí àwọn ọmọ ogun Ìráàkì hù ní Kuwait pọ̀ tó láti sọ láìsí àbùlà, ìyẹn ló jẹ́ kí èyí dunni.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Pakísítánì kan àwa ọmọ Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n. Nígbà tí àwọn amí Amẹ́ríkà, CIA, ń wá Osama bin Laden, wọ́n lo dókítà kan, Shakil Afridi, láti máa fún àwọn ènìyàn Abbottabad ní abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn ẹ̀dọ̀, kí wọ́n lè fọgbọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ inú ilé tí wọ́n fura sí. Wọ́n pa bin Laden ní oṣù Karùn-ún ọdún 2011. Oṣù Keje ọdún náà ni àṣírí abẹ́rẹ́ náà tú. Ọjọ́ pẹ́ tí àhesọ ti wà lágbègbè náà pé iṣẹ́ amí ni àwọn tó ń kán oògùn rọpárọsẹ̀ sẹ́nu ọmọ ń ṣe. Ní báyìí, ẹ̀rí ti dé fún àhesọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, àwọn agbébọn pa àwọn òṣìṣẹ́ àjẹsára ní Karachi àti ní ẹkùn Peshawar, obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọdún 2014 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó ṣèlérí pé CIA kò ní fi àjẹsára bojú mọ́. Pakísítánì àti Afugánísítánì ni orílẹ̀-èdè méjì tí rọpárọsẹ̀ ìgbẹ́, ìyẹn irú àdáyébá rẹ̀, kò tíì kúrò nílẹ̀ wọn títí di òní.

Kano mọ ìtàn yìí. Ní ọdún 2003, wọ́n dá àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù nítorí àhesọ pé oògùn tí kò ní jẹ́ kí obìnrin bímọ ni. Kì í ṣe ìwà òmùgọ̀ ló mú àwọn òbí yẹn gbà á. Wọ́n rántí oògùn tí ilé iṣẹ́ Pfizer dán wò lára àwọn ọmọ Kano nígbà àjàkálẹ̀ àrùn yírùnyírùn ọdún 1996, ọ̀rọ̀ tó di ẹjọ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́. Àrùn náà gbéra láti àríwá Nàìjíríà lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n tó kéde pé rọpárọsẹ̀ ìgbẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà.

Ogun parí, àwọn oníṣẹ́ ẹ̀tàn kò lọ sílé. Edward Bernays ṣiṣẹ́ ní àjọ ìpolongo ìjọba Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó sì gbé ọgbọ́n ibẹ̀ wọ ọjà. Ní ọjọ́ Àjíǹde ọdún 1929, àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan tò rìn ní òpópónà Fifth Avenue ní New York, wọ́n ń fa sìgá ní gbangba, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ìtìjú fún obìnrin láti ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ògùṣọ̀ òmìnira ni àwọn gbé lọ́wọ́. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e bí ìjà fún ẹ̀tọ́ obìnrin. Bernays ló ṣètò rẹ̀ lábẹ́lẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe sìgá Lucky Strike ló sì ń sanwó fún un. Òótọ́ ni pé wọ́n ń fìyà jẹ obìnrin nígbà náà. Òótọ́ yẹn ni wọ́n fi ta sìgá fún wọn.

Bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rù ta olóṣèlú náà nìyẹn. Ní ọdún 2018, ìwé ìròyìn The Guardian ti London gbé e jáde pé olówó Nàìjíríà kan háyà ilé iṣẹ́ Cambridge Analytica láti ṣiṣẹ́ lòdì sí Muhammadu Buhari nínú ìbò ààrẹ ọdún 2015, àti pé fídíò kan tó kún fún ìtàjẹ̀sílẹ̀, tó sì ń fi ẹ̀sìn dẹ́rù bani, wà lára iṣẹ́ náà, kí àwọn olùdìbò lè bẹ̀rù pé ohun tí yóò dé bá wọn nìyẹn bí ó bá wọlé. Ó wọlé. Àwọn kan lè torí ìyẹn sọ pé fídíò náà kò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ti ń jẹun nínú abọ́ kan náà nílé ìyá kan náà, ẹni tó bá fi ìbẹ̀rù ẹ̀sìn wá ìbò ti dán ohun tó tóbi ju ìbò lọ wò.

Irọ́ tó wọ ilé wa jù ní àwọn ọdún wọ̀nyí kò tilẹ̀ wá láti ọwọ́ ọ̀tá. Ní oṣù Keje ọdún 2014, arìnrìn-àjò kan gbé Ebola wọ Èkó. Ní òru kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri orílẹ̀-èdè: kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀. Ìyá ló ń pe ọmọ, ẹ̀gbọ́n ló ń pe àbúrò. Ìfẹ́ ló gbé e kiri, kò sí ẹni tó dúró béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ pé níbo lẹ ti gbọ́ ọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lóṣù náà pé ó kéré tán ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu.

Bí wọ́n ṣe ṣẹ́gun àrùn náà yẹ ní sísọ lórí rédíò lójoojúmọ́. Wọn kò fi irọ́ mìíràn dojú kọ irọ́ omi iyọ̀. Wọ́n sọ iye ẹni tó ń ṣàìsàn, wọ́n sọ iye ẹni tó kú, wọ́n sì tú àwọn òṣìṣẹ́ sí ìgboro Èkó àti Port Harcourt láti wá gbogbo ẹni tó ti fara kan aláìsàn. Ènìyàn 894 ni wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ náà ń kan ilẹ̀kùn wọn, wọ́n ń kí wọn, wọ́n ń yẹ ara wọn wò bóyá ó gbóná, wọ́n ń dáhùn ìbéèrè wọn. Ìbẹ̀wò ojúkojú tí wọ́n ṣe lápapọ̀ tó 18,500. Ènìyàn 20 ni Ebola mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú nínú wọn, Dókítà Ameyo Adadevoh tó kọ̀ láti jẹ́ kí aláìsàn àkọ́kọ́ jáde nílé ìwòsàn sì wà lára wọn. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ Ebola.